Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí A Kò Lọ Wò Ó

Òórùn òjé tó ń yọ́ lórí irin gbígbóná ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní Ìkòtún, kí n tó mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Fèrèsé yàrá tí mo gbà kọjú sí ìsọ̀ oníṣẹ́ rédíò kan, bí mo bá sì ti ṣí i láàárọ̀, èéfín iṣẹ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé wá kí mi. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan ni. Ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá láti òkè òkun tò lọ súà ní èbúté Èkó, wọn kò ráyè já ẹrù. Lọ́dọ̀ tiwa, oko ẹ̀gẹ́ tí o rí lónìí lè di ìpìlẹ̀ ilé kí oṣù tó parí. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá lé díẹ̀, rédíò ló ń sáré rà, bí rédíò náà bá sì dákẹ́, ìsọ̀ iwájú fèrèsé mi ló ń gbé e wá.

Èkìtì ni mo ti wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì ni wọ́n gbé mi wá kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama tuntun kan tí kò tíì ní ògiri yípo. Mo ní ṣòkòtò méjì tí ẹsẹ̀ wọn fẹ̀ tó ń gbálẹ̀, mo ní bàtà onígìgísẹ̀ gogoro tí ẹrẹ̀ Ìkòtún kò bọ̀wọ̀ fún, mo sì ní ìgbéraga tó tó ti ọkùnrin mẹ́ta. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ nígbà náà pé àkísà jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ní.

Ìyá Onílé, ìyẹn obìnrin tó ni ilé tí mo ń gbé, jẹ́ Mùsùlùmí, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ìṣó àti páànù ìkọ́lé ló ń tà, ọjà rẹ̀ sì ń yá lásìkò náà. Opó ni. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ọ̀kan ṣoṣo ló kù, òun náà sì ni oníṣẹ́ rédíò iwájú fèrèsé mi. Gbogbo àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè é ní Ẹ̀ńjíníà, torí kò lọ ju ìwé mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n kò sí rédíò tó lè pa á láyò. Ojúgbà mi ni, kò sì pẹ́ tí a fi di ọ̀rẹ́. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, orí àga onígi rẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Èmi á máa sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un, òun á máa fi ṣíṣe hàn mí, ẹ̀yìn ìgbà díẹ̀ ni mo tó gbà lọ́kàn mi pé èmi ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ jù.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ jù lọ nígbà náà, tí a ń pè ní kùántọ́ọ̀mù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn tó wà nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá kì í hùwà bí òkúta tàbí bí bọ́ọ̀lù. Bí a bá ṣe ìṣirò lé wọn lórí, ìṣirò náà kì í tàsé. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé kí ni ìṣirò yìí ń sọ fún wa nípa ayé gan-an, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń pínyà. Àwọn kan ní kí a tó wò ó, nǹkan náà kò tíì pinnu ipò tó wà, wíwò wa ló ń mú un pinnu. Àwọn kan ní irọ́ ni, ó ti pinnu tipẹ́tipẹ́, ojú wa ni kò tó o, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn mìíràn ní gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, pé ayé ń ya sí méjì lọ́pọ̀ ìgbà, tí àwọn tó wà nínú ọ̀kan kò sì lè rí èkejì. Àwọn kan tó kù ní kí gbogbo wọn dákẹ́ ariwo, kí wọ́n ṣáà máa ṣírò lọ. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀rí tó lè pa ẹnu àwọn yòókù mọ́. Èmi wà lẹ́yìn àwọn àkọ́kọ́. Kì í ṣe torí pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Olùkọ́ tí mo fẹ́ràn jù ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń mú kí àwọn tó ń gbọ́ ọ la ẹnu sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, òjò ń rọ̀, gbogbo wa kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ńjíníà ń tú rédíò kan, ìyá rẹ̀ ń ṣa ìṣó tó dípẹtà kúrò lára èyí tó dára. Ẹnu mi kò sinmi. Mo sọ fún wọn nípa àpótí kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìwé, ológbò ni wọ́n tì mọ́nú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi àdìyẹ rọ́pò rẹ̀ torí mo mọ ohun tí wọ́n ń rò nípa ológbò nínú ilé náà. Mo ní wọ́n ti àdìyẹ mọ́ inú àpótí pẹ̀lú májèlé, ó sì jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn yẹn ló máa sọ bóyá májèlé náà á tú jáde tàbí kò ní tú jáde. Mo ní títí a ó fi ṣí àpótí náà wò, àdìyẹ yẹn kò kú, kò sì yè.

Ẹ̀ńjíníà kò gbójú sókè. Ó ní, "Tíṣà, mo ti tú rédíò tí n ò lè ka iye rẹ̀. Kò sí ọ̀kan rí tó dúró dè mí kí n wò ó kó tó bàjẹ́. Ó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá, jàre."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìwé ò tíì dé ibi tó ń sọ. Ìyá rẹ̀ ló wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá ṣí i ńkọ́?"

Inú mi dùn pé ó ń fọkàn bá mi lọ. Mo ní, "Á wà bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹni tí kò bá tíì ṣí i kò lè sọ pé ó kú."

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lẹ́nu, mo sì ń fi ẹgba tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí kọ́ńtírátọ̀ kan tó kọ́ ilé ńlá sí Kàdúná ní kí Ẹ̀ńjíníà wá bá òun to gbohùngbohùn sí gbọ̀ngàn rẹ̀. Iṣẹ́ tó tóbi jù tó tíì rí rí nìyẹn. Ó wọ lọ́rì tó kó sìmẹ́ńtì lọ sókè, ó jókòó sórí àpò pẹ̀lú àwọn èrò mìíràn, ó ní òun á dé kí oṣù tó parí. Ìyá rẹ̀ ṣàdúrà fún un títí tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, dírẹ́bà kan láti ibùdókọ̀ kan náà wá sí ìsọ̀ ìṣó. Kò jókòó. Ó ní lọ́rì yẹn dojú dé lẹ́yìn Ìlọrin, ní orí afárá tóóró kan. Ó ní òun kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá ti kó gbogbo èrò lọ sí ọsibítù ìlú kékeré kan tó wà nítòsí, àtòkú àtààyè. Ìyá Onílé bi í pé èwo ni ọmọ òun. Ó ní òun kò rí i, pé àwọn kan kú, àwọn kan ò kú, òun kò mọ ẹni tó wà nínú èwo. Ó bẹ Ọlọ́run fún un, ó sì lọ.

Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà yẹn. Nígbà tí mo fi délé, ẹ̀gbọ́n Ìyá Onílé, télọ̀ kan tó ń gbé ní Àkówónjó, ti wà níbẹ̀. Ó ti wọ aṣọ ìrìn-àjò, ó di nǹkan díẹ̀ sínú àpò, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Onílé kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò jẹ́ kó kọjá. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ tutù ju bí mo ti máa ń gbọ́ ọ lọ. Ó ní ọmọ òun kò tíì kú, pé ẹni tó bá lọ wò ó ló pa á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé àárẹ̀ ọkàn ló ń bá a jà. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni mo ní kó o wá wò ó ni? Mo mọ̀ pé ìyá kì í wo òkú ọmọ. Èmi ni mò ń lọ. Ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ."

"Ẹ bi Tíṣà," ló wí. "Tíṣà mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí wọn ò bá tíì wò kò tíì kú."

Bàbá télọ̀ yíjú sí mi. Mo rántí pé mo ṣì gbé páálí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ lo kó èyí sí i lórí? Ó yá, kó èyí kúrò lórí rẹ̀."

Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n lórí á kàn sọ pé, "Ìyá, eré ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí bàbá lọ." Ọ̀rọ̀ kan ni. N kò sọ ọ́. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, torí mo rò pé òtítọ́ ni wọ́n ń bi mí, mo sì ń bẹ̀rù láti purọ́ nípa ẹ̀kọ́ mi.

Mo ní, "Ìyá, àwọn kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ò gbà. Wọ́n ní nǹkan ti rí bó ṣe máa rí, bóyá a wò ó tàbí a ò wò ó."

"Èwo lòótọ́ nínú rẹ̀?"

"Wọn ò tíì mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi náà ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n nǹkan kéékèèké tí ojú ò lè rí ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe ènìyàn."

Ó ní, "Níbo ni kékeré parí sí tí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀? Ta ló fa ààlà náà?"

Ọlọ́run ló mọ̀ pé ìbéèrè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá ń bá ara wọn jà lé lórí nìyẹn. Ìyá tí kò kàwé kan rí i láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan torí ìrora rẹ̀. Èmi sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó tíì fa ààlà náà tí gbogbo ènìyàn gbà. Mo wo páálí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi.

Ó ní, "Bí ẹ̀yin alákọ̀wé ò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kí n di èyí tó sàn fún mi mú." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì búra pé ọjọ́ tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ní Ìkòtún lọ sọ́nà Ìlọrin, inú kànga ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa gbé òun jáde. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò fi ṣeré. Bàbá télọ̀ sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó sì fi fìlà bo ojú.

Bí a ṣe wà nínú ilé náà nìyẹn. Obìnrin méjì láti inú ẹbí ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru nítorí kànga. Ó ń lọ ta ìṣó rẹ̀, ó ń bu omi sínú ìkòkò ọmọ rẹ̀, ó ń kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ ń gbé oúnjẹ sí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ kan bá dúró lójú títì, á dúró gbagidi títí ọkọ̀ náà á fi lọ. Èmi ń lọ sí kíláàsì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa dígí àti ìmọ́lẹ̀. Lálaalẹ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la, èmi fúnra mi á lọ, pé ta ló tiẹ̀ máa mọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń ronú kan kànga, mo tún máa ń ronú pé bóyá Ẹ̀ńjíníà ti wà lọ́nà ilé, pé bóyá ó ti kú tipẹ́ tí ìrìn mi ò ní wúlò. Ìdí tó dára pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, òun gan-an nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí láti jẹ́ ẹni tó lọ wò ó.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo parọ́ fún gbogbo ilé pé àwọn alábòójútó ẹ̀kọ́ pè mí sí Ìbàdàn. Mo wọ ọkọ̀ ní ìdájí, ó sì di ọ̀sán gangan kí n tó dé ìlú kékeré náà. Ọsibítù wọn kò ju ilé gígùn méjì lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tó ń sọ Yorùbá bíi ti àwọn ará Ìgbómìnà, ló gbà mí lálejò. Mo ṣàpèjúwe ọ̀rẹ́ mi fún un. Mo ní àpá iná kéékèèké pọ̀ ní ìka rẹ̀. Ó jókòó kó tó dáhùn.

Ó ní ó kú níjẹta.

Mo ní ṣé ọjọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ ni. Ó ní rárá, níjẹta. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló dà lára rẹ̀ jù, pé wọ́n ń wá ẹni tó lè fún un ní ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu, pé ìlú kékeré ni wọ́n, wọ́n rí ẹni méjì, kò tó. Ó ní bí ẹbí rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni, bóyá. Ó ní ọkàn rẹ̀ ṣí títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún wọn pé àwọn ènìyàn òun ń bọ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù bá dún, ó máa ń gbé orí sókè. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, láìní ìkà kankan nínú, pé ṣé ọ̀nà ló jìn ni.

Ó ní òun ti bá a kọ lẹ́tà, pé torí ilé wọn kò ní nọ́ńbà, ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n kọ tíṣà físíìsì sí i lórí, pé tíṣà á tètè wá. Lẹ́tà náà dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ mi. Mo ṣì ní in. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín bó ti yẹ. Wọ́n mú mi lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mo dúró títí ẹni tó mú mi lọ fi rọra di apá mi mú.

Bàbá télọ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ fún nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé, lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Ó kú lójú ẹsẹ̀. Ṣé o gbọ́? Ojú ẹsẹ̀ ló kú. Bí ó bá gbọ́ èyí tó kù, a ó sin ẹni méjì." Mo ní mo gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn àgbà mẹ́rin jókòó yí i ká, wọ́n fi òwe tú u díẹ̀díẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Kò kó sínú kànga. Ó ké igbe kan. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí wọ́n pe Tíṣà wá.

Ó bi mí pé, "Wọ́n ní ìwọ lo gbọ́ ìròyìn. Ṣé ó jìyà?"

Mo ní, "Rárá, mà. Ojú ẹsẹ̀ ni."

"Ojú ẹsẹ̀?"

"Ojú ẹsẹ̀ ni, Ìyá."

Ó mi orí. Ó ní, "A dúpẹ́. Ó dára tá ò lọ. Kí la ò bá bá níbẹ̀?" Ó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó súre fún mi. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo fi ọmọ òun sílẹ̀ láàyè fún òun, Ọlọ́run á san án fún mi, pé kò sí ẹlòmíràn tó lè fún òun nírú rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo sì kọ́ ilé sí Ìgandò. Ọmọ ọmọ mi ń kàwé físíìsì, ó máa ń wá bá mi jiyàn. Iyàn ọjọ́ wọ̀nyẹn kò tíì tán, orúkọ tuntun ni wọ́n ń sọ ọ́. Èyí tó wù ú jù ni ti ayé tó ń ya sí méjì. Ó ní, "Bàbá àgbà, bóyá nínú ayé kan, ohun tí ẹ kábàámọ̀ rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀." Kò mọ ohun tó ń sọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Mo ti gbìyànjú láti gba èyí gbọ́. Mo ti jókòó níbí yìí, mo ti fojú inú wo tíṣà mìíràn kan tó sọ páálí ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́rú náà, tó na apá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá wà, ó dára fún un. Kò lè fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi. N kò bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀mọ̀wé náà jà mọ́, n kò sì tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ̀ pé ní ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì, wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo ayé ò tíì rí ìdáhùn sí, mo sì fi àìmọ̀ gbogbo ayé bo ẹ̀rù ti ara mi.

Ìyá Onílé lo ọdún púpọ̀ sí i láyé. Lẹ́yìn tí mo kúrò nílé rẹ̀, gbogbo Iléyá ló máa ń gé itan àgbò ránṣẹ́ sí mi, ó máa ń ní kí wọ́n sọ fún mi pé ti ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni. Mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń jẹ ẹ́.